Àwọn Adájọ́ Yìnyín Ìlú Àkúrẹ́

Tẹ́ ẹ bá gba North Gate FUTA kọjá lálẹ́, níbi tí wọ́n ti ń se Indomie pẹ̀lú ẹyin, tẹ́ ẹ wá gbọ́ tẹ́nì kan ń pariwo pé "Kò pé! Mo ní kò pé, ó ku kọ́tà!", ẹ má rò pé ṣéńjì ló ń bèèrè o. Ọ̀rọ̀ yìnyín ni wọ́n ń sọ. Yìnyín kẹ̀! Ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sunshine State, níbi tóòrùn oṣù kejì ti ń jẹ́ kéèyàn máa wá ibòòji lẹ́yìn òpó iná, yìnyín tí gbogbo wa mọ̀ ò ju èyí tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ sínú ọpọ́n ńlá níbi ìnáwó kí mínírà lè tutù. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn ti yí padà, adájọ́ yìnyín tó wà nílùú ti pọ̀ ju yìnyín fúnra ẹ̀ lọ.

Káàtúùn kan ló dá a sílẹ̀, ti ọmọkùnrin kan tó ń wọ bàtà onírin ṣe eré orí yìnyín tí wọ́n ń pè ní figure skating, tó ń fò, tó ń pòòyì, tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ díje káàkiri ayé. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, wọ́n lè wá mi dé Ìjàpọ̀, mi ò dẹ̀ gbé Ìjàpọ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa lù. Ìbéèrè tó ń lé oorun lójú wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ yìí, ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́ àbí àwọn tó ya á ló ń gbè é lẹ́yìn?

Àwọn kan ní kò sẹ́ni tó lè bá a dọ́gba láyé, pé ká ní èèyàn gidi ni, ilé ẹ̀ ò ní gba góòlù mọ́. Àwọn kan ní bàbá ẹ̀ ló lówó. (Kò sí àríyànjiyàn tí wọn ò ní ti "bàbá ẹ̀ ló lówó" bọ̀ níbí, kódà bó ṣe pépà ni wọ́n ya ọmọ náà sí.) Àwọn tó wá burú jù ni àwọn tó ti lọ ka òfin eré náà. Ẹni tó ti ka òfin yẹn ò ṣeé bá jókòó mọ́. O ní "ẹ káàsán sà", ó ní "edge ẹ wọ inú", ìyẹn etí irin bàtà.

Ká sọ òótọ́ ṣá, ohun tí wọ́n kà yẹn kì í ṣe irọ́. Kí Indomie ẹ tó jinná, wọ́n á ti ṣàlàyé fún ẹ pé oríṣi fífò mẹ́fà ló ṣe kókó, toe loop, Salchow, loop, flip, Lutz àti Axel, pé Axel nìkan lèèyàn ń kọjú síwájú fò kó tó wá fẹ̀yìn balẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní ààbọ̀ lórí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó lóun ṣe quad Axel, ẹ̀ẹ̀mẹrin àtààbọ̀ ló pòòyì lófuurufú, kò dẹ̀ tó sẹ́kọ́ńdì kan tó fi ṣe gbogbo ẹ̀. Kurt Browning ará Kánádà ló kọ́kọ́ ṣe quad, ìyẹn pípòòyì ẹ̀ẹ̀mẹrin, tí wọ́n kà sí nínú ìdíje, toe loop ni, ní Budapest lọ́dún 1988. Ó di 2022 kẹ́nì kan tó fi quad Axel balẹ̀ dáadáa, Ilia Malinin ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 17 ni nígbà yẹn, Lake Placid ló ti ṣe é. Lóṣù kejì ọdún yẹn kan náà, Yuzuru Hanyu tó ti gba góòlù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì gbìyànjú ẹ̀ ní Beijing, ó ṣubú, ipò kẹrin ló bọ́ sí. Ọdún 34 ló wà láàárín quad àkọ́kọ́ àti quad Axel yẹn, fún àwọn tó ní eegun, tó ní orúnkún, tó ní màmá tó ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ inú káàtúùn tiwa ńkọ́? Ó bá kóòṣì ẹ̀ jà lọ́jọ́ Fúráìdè, ó sunkún díẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ irun ẹ̀ sọ́tùn-ún, lọ́jọ́ Sátidé ó ti fò ó. Pẹ́ńsù ló gbé e sókè, pẹ́ńsù ló gbé e sílẹ̀, pẹ́ńsù kì í dẹ̀ rọ́ lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ máàkì. Ní ìdíje gidi, quad Lutz ní iye tó ń jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó fò ó, 11.50. Adájọ́ mẹ́sàn-án á wá fún un ní tiwọn, láti -5 dé +5, òun ni wọ́n ń pè ní GOE, wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò, wọ́n á pín ìyókù. Àwọn mìíì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa wo fídíò ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá ó pòòyì tán àbí ó ku kọ́tà. Ó dáa. Tí ọmọ yẹn bá wá fò quad Lutz, tó pòòyì pé, àmọ́ tó fìdí jókòó lórí yìnyín, wọ́n á fún un ní -5, ìdajì iye ẹ̀ á lọ, wọ́n á tún yọ 1 torí pé ó ṣubú, ó ṣì máa mú 4.75 lọ sílé. Ẹni tó fò double Axel, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì àtààbọ̀ péré, tó balẹ̀ láìsí àléébù, tí wọ́n fún ní òdo géérégé ní GOE, 3.30 ló gbà.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé eléyìí fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹni tó ṣubú gba 4.75, ẹni tó dúró gba 3.30?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. "Ọmọ tèmi ṣubú ní WAEC, kí ló dé tí wọn ò fún un ní nǹkan kan?" Wọ́n ní mà, ó ní láti kọ́kọ́ fò nǹkan tó le. Ìyá ní físíìsì ni ọmọ òun fò o, ṣé físíìsì ò le ni? Kò sẹ́ni tó rí i dá lóhùn nínú gbogbo àwọn adájọ́ yẹn. Bí ẹ bá bi èmi, ìyá yẹn nìkan ló lóye ètò máàkì náà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa yìnyín tẹ́lẹ̀, ó ní eré àwọn tí ò níṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí wá sọ ìtàn Salt Lake City ọdún 2002 fún un ni Bàbá dìde jókòó. Wọ́n fún Rọ́ṣíà ní góòlù níbi tọkùnrin-tobìnrin, ariwo ta pé àwọn ará Kánádà ló yẹ, adájọ́ láti ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ ní wọ́n fúngun mọ́ òun ni, ó tún padà ní rárá, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ wọ́n fún àwọn ará Kánádà náà ní góòlù tiwọn, góòlù méjì fún ìdíje kan, wọ́n dẹ̀ kó ètò máàkì 6.0 àtijọ́ dànù, ìyẹn ló bí GOE tí wọ́n fi ń dà wá láàmú báyìí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ṣé wọ́n máa ń rí adájọ́ níbẹ̀ náà? Ẹ ò tètè sọ!" Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kì í pàdánù ìpàdé kankan.

Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú nínú àṣà yìí, tí mo fi jókòó kọ eléyìí, ni pé àbùkù nìkan ló ń sọ èèyàn di ọ̀mọ̀wé láàárín wọn. Tó o bá ní "ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n o", wọ́n á wò ẹ́ tàánútàánú, wọ́n á ní káàtúùn mélòó lo ti wò. Ṣùgbọ́n tó o bá fa ojú ro díẹ̀, tó o ní "kò burú, àmọ́ Lutz ẹ̀ máa ń yọ̀ sí edge inú kó tó gbéra, flutz ni", áà, ní kíá wọ́n á sún àga fún ẹ. Lóòótọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni lórí yìnyín, etí irin tó kọjú síta ló yẹ kí Lutz ti gbéra. Àmọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ yìí, ṣebí mo mọ̀ wọ́n, ọ̀kan nínú wọn yọ̀ ní bálùwẹ̀ lórí táìsì, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló fi ń tiro, kò dẹ̀ pòòyì rárá kó tó ṣubú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Àṣà náà ti wá kúrò lórí káàtúùn báyìí. Ọlọ́kadà gba kọ́nà lọ́jà Ọba, wọ́n ní edge ẹ̀ ò mọ́. Pásítọ̀ wàásù kọjá àkókò, wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n yọ máàkì. Sátidé kan ni ìgbéyàwó wà ní Ọbá-Ilé, wọ́n pe díẹ̀ nínú wọn síbẹ̀, ẹni tó pè wọ́n ló fà á. Ìyàwó wọlé, aṣọ òkè ń dán, fìlà àwọn èèyàn ń fò, dííjéè gbé orin sókè, ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó gbé apá, ó fi ìdí ṣe nǹkan, ó yípo lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gèlè tó ga tó ògiri ilé ẹnì kan, gbogbo ilé hó yèè. Ní tábìlì àwọn adájọ́, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún. Ó ní ó gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi balẹ̀. Èkejì ní yíyípo yẹn ò pé, pé kí wọ́n dá fídíò ẹ̀ padà. Ẹ̀kẹta ní tó bá jẹ́ òun, -2, torí pé orin ń lọ sápá kan, ìyàwó ń lọ sápá kejì.

Wọn ò mọ̀ pé àbúrò màmá ìyàwó ló jókòó sẹ́yìn wọn. Àǹtí yẹn ò sọ̀rọ̀, ó kàn dìde, ó lọ bá àwọn tó ń gbé oúnjẹ. Báwo ni wọ́n ṣe gbé iyán kọjá tábìlì yẹn, ẹ ẹ́ kà á bí ẹni pé mò ń purọ́: wọ́n fún tábìlì ọ̀tún, wọ́n fún ti òsì, wọ́n fún dííjéè, wọ́n fún ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè, ọmọbìnrin tó gbé tíréè ní, "Ẹ máà bínú, wọ́n ní ẹ̀yin ti ń jẹ GOE." Tẹ́ ẹ bá rí ojú wọn! Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ọbẹ̀ yẹn o.

Ó dáa, tẹ́ ẹ bá fi dandan lé e pé kí èmi náà dájọ́ ọmọ inú káàtúùn yìí, màá dá a. Ohun àkọ́kọ́ tí màá bèèrè ni ìwé máàkì ẹ̀. Káàtúùn kàn máa ń gbé àròpọ̀ jáde, nọ́ńbà ńlá lójú iboju, àwọn èèyàn á pariwo, ó tán. Níbo ni ohun tó fò wà lọ́kọ̀ọ̀kan? Ta ló fún un ní kínni? Ìjó tí wọ́n ń pè ní free skate, nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ni ti àwọn àgbà. Wọ́n á fi díẹ̀ hàn ẹ́ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á lọ sójú kóòṣì, wọ́n á lọ sójú ẹni tó ń bá a díje, wọ́n á lọ sí ìgbà tó wà lọ́mọdé, nígbà tí wọ́n á fi padà dé, ó ti ń tẹrí ba fún èrò. Ìdajì kejì ńkọ́, níbi tẹ́sẹ̀ ti máa ń wúwo, tó fi jẹ́ pé àwọn fífò tó gbẹ̀yìn tó bá bọ́ sí ibẹ̀ ni wọ́n ń fi 10 nínú 100 kún? Wọn ò yà á. Owó ni mo rò pé ó fà á, mi ò dá wọn lẹ́bi, yíyà fọ́tò kan lé òmíràn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àmọ́ skating skills, bó ṣe ń tẹ irin, bó ṣe ń sáré láìtiraka, ìyẹn lẹni tó mọ̀ ọ́n fi ń yàtọ̀, kò dẹ̀ sí nínú káàtúùn rárá, nítorí nígbà tí wọ́n bá ní ó ń sáré, ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń sáré. Nítorí náà, ìdájọ́ mi: màá gbé e sípò kẹfà nínú ayé. Ó mọ fífò, ó mọ ojú ṣe, ìyókù ò sí lórí àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bá ìyá ẹlẹ́wà.

Ẹ wá bá mi bi àwọn adájọ́ yìnyín wa ta ni Simidele Adeagbo. Mo ti bi wọ́n. Ọ̀kan ní ṣé eléré tíátà ni. Ọdún 2018 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní Pyeongchang, Simidele dojú bolẹ̀ lórí pákó skeleton, orí ló ṣíwájú, ó gba orí yìnyín sọ̀kalẹ̀; Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga wà níbẹ̀ fún bobsled, ọkọ̀ tí wọ́n ń jókòó sínú ẹ̀ gba orí yìnyín sọ̀kalẹ̀. Yìnyín gidi, eegun gidi, àsíá wa gidi. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn nípa edge ní North Gate. Ó dà bíi pé èèyàn gidi ò dùn ún dá lẹ́jọ́, ó lè fèsì.

Ọ̀sán Sunday kan, títì Alágbàká ṣófo, ọmọkùnrin kan tó ń fi bàtà onítáyà ṣeré ń yọ̀ lọ sókè sódò, òógùn bò ó. Àwọn adájọ́ mẹ́rin dúró, wọ́n ká apá. Ọmọ yẹn sáré wá, ó fò, ó yípo lófuurufú, ó balẹ̀ lórí ọ̀dà, òkúta kan fẹ́ gbé e ṣubú, ó kó ara ẹ̀ jọ, ó dúró. Mo pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kò pé, ó ku kọ́tà. Ọmọ yẹn gbọ́. Kò bínú, ó jókòó sẹ́bàá títì, ó tú okùn bàtà ẹ̀, ó nà án sí wọn, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi èyí tó pé hàn mí." Ẹnì kan nínú wọn rántí pé òun fi ìkòkò sórí iná. Ìkejì dá kẹ̀kẹ́ dúró láìbèèrè ibi tó ń lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló dúró, ó tún awò ojú ẹ̀ ṣe, ó ní wọn ò gbà kí adájọ́ bá àwọn tó ń díje wọ bàtà, pé ó wà nínú ìwé òfin.