Ẹ má da bílíìṣì sórí ìdọ̀tí nítorí òórùn

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri orí fóònù pé kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń já ìdọ̀tí fún ọkọ̀ ńlá máa da bílíìṣì sórí ẹ̀gbin náà, pé òórùn á pòórá, afẹ́fẹ́ á sì mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì léwu.

Omi tó ń ṣàn lára ìdọ̀tí tó ń jẹrà sábà máa ń ní amóníà, kẹ́míkà kan tó ń rùn gan-an, nínú. Bí bílíìṣì bá pàdé amóníà, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní chloramine ló ń jáde. Ó ń ta ojú, ó ń fa ikọ́, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ wo ara ike bílíìṣì fúnra yín: ìkìlọ̀ pé ká má pò ó mọ́ nǹkan mìíràn sábà máa ń wà níbẹ̀.

Bí imú ò bá gbóòórùn mọ́ ńkọ́, ṣé afẹ́fẹ́ ti mọ́ nìyẹn? Rárá. Hydrogen sulfide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó lè jáde lára ìdọ̀tí tó ń jẹrà, máa ń pa imú kú bó bá tó nǹkan bí 100 ppm, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù, lójú tèmi, ni kí ìdọ̀tí tó kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ jáde, kó má pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fọ ilẹ̀, kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé gba inú asẹ́ eléèédú.

Ire ni ọ̀pọ̀ tó pín in ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí i, pàápàá sí àwọn òṣìṣẹ́ akódọ̀tí.