Obìnrin di igbákejì, ọ̀rọ̀ obìnrin ò tíì yanjú

Bí ìdìbò bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń jà ràn-ìn láti Ọjà Ọba l'Ádó títí dé ìdí ọkọ̀ n'Ìkéré. Àkọ́kọ́: "Wọ́n ti fi obìnrin ṣe igbákejì, tiwa ti yanjú nìyẹn." Èkejì: "Obìnrin kẹ̀? Ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni yóò máa sọ." Inú ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ ń dùn, ẹni tó sọ èkejì ń yínmú, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń ṣe. Wọ́n rò pé ẹni tó jókòó sórí àga ló ń sọ ohun tí àga lè ṣe. Ní ti igbákejì, ìwé òfin ló sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀gá ló ń sọ ìyókù.

Ẹ wo ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ INEC á lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, á buwọ́ lù ú, á ká a fún yín, ẹ ó sì wọ ibi tí wọ́n dá bò kí ẹnikẹ́ni má rí ọwọ́ yín. Bí ẹ bá tú u, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú àti orúkọ ẹgbẹ́ lẹ ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú àyè kékeré tí ẹ máa tẹ̀ka sí. Orúkọ gómìnà ò sí níbẹ̀, ká má tíì sọ ti igbákejì. Ìka kan lẹ tẹ̀, ẹni méjì lẹ yàn. Abala 187 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ló ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń du ipò gómìnà kò tíì di olùdíje lójú òfin, àfi bó bá fa ẹnì kan kalẹ̀ tí wọn yóò jọ díje. Abala 142 sọ ohun kan náà fún ààrẹ àti igbákejì rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ obìnrin náà ṣùgbọ́n tí ẹ ò fẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kò sí ibi tí ẹ lè tẹ̀ka sí.

Ká wá ní wọ́n ti búra fún un. Abala 193 ní gómìnà lè, bó bá wù ú, gbé iṣẹ́ ìjọba kan lé igbákejì tàbí kọmíṣọ́nnà lọ́wọ́. "Bó bá wù ú" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Igbákejì gómìnà ò ní ìbò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kò lè buwọ́ lu òfin nígbà tí gómìnà bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà tí wọn ò fi sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó máa ń fi ti Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ gbàgbé pé igbákejì ààrẹ tiwọn ló ń dìbò nílé aṣòfin àgbà bí ìbò bá dọ́gba. Kamala Harris lo àǹfààní yẹn nígbà 33, kò sì sí igbákejì ààrẹ tó lò ó tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn ilẹ̀ wọn. Tiwa ò ní in, ì báà jẹ́ l'Ábújá, ì báà jẹ́ l'Ádó.

Èkìtì ló yẹ kó mọ èyí ju ìpínlẹ̀ púpọ̀ lọ, torí a ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bíọ́dún Olújìmí di igbákejì gómìnà lọ́dún 2005. Fúnmiláyọ̀ Ọláyínká dé lọ́dún 2010, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kẹrin 2013. Ọ̀jọ̀gbọ́n Modúpẹ́ Adélabú ló rọ́pò rẹ̀: bí àyè bá ṣí báyìí, gómìnà ló ń yan ẹlòmíì, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò sì fọwọ́ sí i, aráàlú ò ní tẹ ìka kankan. Monisade Afuye ni ìkẹrin, wọ́n búra fún un ní oṣù kẹwàá 2022.

Ẹ jẹ́ ká wá fi òfin wọn ọ̀rọ̀ náà, torí òfin ní ọdún tí wọ́n ṣe é, kò ṣeé jiyàn lé lórí. Lọ́dún 2011 ni Èkìtì ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọbìnrin. Fúnmiláyọ̀ Ọláyínká ni igbákejì nígbà yẹn. Ẹni tó gbà pé àga igbákejì ló ń bí irú òfin bẹ́ẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i?" Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019 ni wọ́n tún òfin náà ṣe tí wọ́n sì fún un lágbára sí i, Bísí Ẹ̀gbẹ́yẹmí ni igbákejì, ọkùnrin sì ni. Ohun tó so 2011 mọ́ 2019 kì í ṣe igbákejì. Gómìnà kan náà ni, Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin kí ọkọ rẹ̀ tó dépò. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ò sì sinmi. Igbákejì tó bá gbọ́n lè bá wọn ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Kò lè dá a ṣe.

Àpẹẹrẹ tó tún lágbára jùyẹn ni ti Olújìmí, torí obìnrin kan náà ló jókòó sórí àga méjì. Ní oṣù kẹwàá 2006, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì yọ Gómìnà Ayọ̀ Fáyóṣe, wọ́n yọ òun náà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ni, abala 191 ì bá sọ ọ́ di gómìnà. Wọ́n yọ ẹni méjèèjì, ó di ti olórí ilé aṣòfin, kò sì pẹ́ tí Abuja fi kéde ìjọba pàjáwìrì. Bí àga igbákejì ṣe rí nìyẹn: ibi tí ọ̀gá bá ré sí, ibẹ̀ ni òun náà ń ré sí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Olújìmí di aṣòfin àgbà fún Gúúsù Èkìtì. Lórí àga yẹn, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbé àbádòfin nípa ẹ̀tọ́ àti àǹfààní ọgbọọgba fún tọkùnrin tobìnrin wá síwájú ilé. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta 2016, ilé dà á nù nígbà kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan ní ó ta ko ẹ̀sìn, àwọn kan ní ìwé òfin ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó pàdánù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà lórí àbádòfin náà, ìbò rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì láǹfààní láti tún un gbé padà. Nígbà tó jẹ́ igbákejì gómìnà, kò ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilé aṣòfin ni wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹ rántí ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta 2022. Ọjọ́ yẹn ni àwọn aṣòfin l'Ábújá dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin, tí wọ́n sì dá àwọn àbá tó kan obìnrin nù: àyè ọ̀tọ̀ fún obìnrin nílé aṣòfin, ìdá márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣàkóso ẹgbẹ́, àti kí obìnrin Nàìjíríà lè sọ ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ àjèjì di ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí abala 26 ṣe wà, bí ọkùnrin Ìkọ̀lé bá fẹ́ ọmọ Gánà, ìyàwó náà lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà nítorí ọkọ. Bí ọmọbìnrin Ìkọ̀lé bá fẹ́ ọmọ Gánà, ọkọ ò ní àǹfààní yẹn nítorí ìyàwó. Igbákejì gómìnà mẹ́rìndínlógójì, ì báà jẹ́ obìnrin ni gbogbo wọn, kò lè yí gbólóhùn yẹn padà. Abala 9 sọ ohun tó lè yí i padà: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé méjèèjì, ìyẹn 73 nínú 109 àti 240 nínú 360, lẹ́yìn náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán. Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ ilé aṣòfin wa 26 ló sì ń dìbò náà. Lọ́dún 2022 ni Olúbùnmi Adelugba, tó jẹ́ aṣojú Ẹmùrẹ́ nígbà náà, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ilé yẹn. Lójú tiwa, ní ti ọ̀rọ̀ òfin, àga yẹn wúwo ju ti igbákejì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin àti aṣọ ìdìbò kì í sábà kàn án.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń yínmú. Wọ́n ní obìnrin igbákejì ò ní mọ ohun mìíràn ju ọ̀rọ̀ obìnrin lọ. Ẹ̀rín ni èyí máa ń pa wá, torí iṣẹ́ tí òfin dìídì fún igbákejì gómìnà láìdúró de "bó bá wù ú" ni alága ìgbìmọ̀ ààlà ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìjà ààlà, òkúta ààlà, ọba méjì tí ò gbà fún ara wọn: kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin níbẹ̀. Ní ti igbákejì ààrẹ, òun ni alága ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé tí àwọn gómìnà mẹ́rìndínlógójì àti gómìnà báńkì àpapọ̀ jókòó sí, òun sì ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ ètò ààbò. Ẹni tó bá máa fi ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan gbọ́ bùkátà irú àga yẹn á wá iṣẹ́ rẹ̀ tì.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ sì ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀gá bá kú, tó bá kọ̀wé fipò sílẹ̀, tàbí tí wọ́n yọ ọ́, igbákejì ló ń di ọ̀gá. Ní Màláwì, ẹgbẹ́ ti lé igbákejì ààrẹ, Joyce Banda, jáde lọ́dún 2010, òun àti ààrẹ ò sì rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ààrẹ kú ní oṣù kẹrin 2012, ìwé òfin gbé e gorí àléfà. Ní Tanzania, bẹ́ẹ̀ ni Samia Suluhu Hassan ṣe di ààrẹ ní oṣù kẹta 2021. Nítorí náà ìbéèrè tó tọ́ láti bi igbákejì, ọkùnrin tàbí obìnrin, ni bóyá ó lè ṣe gómìnà lọ́la bí ó bá di dandan. Òfin ò tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ sí i: ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ gómìnà, ọdún 35, ìwé ẹ̀rí girama, ọmọ Nàìjíríà láti ìbí, ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ igbákejì.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú náà ní ìgbàgbọ́ tiwọn, pé bí a bá ti fi obìnrin kún un, àwọn obìnrin á tú jáde dìbò fún wa. Ìtàn ò gbà fún wọn. Lọ́dún 1984 ni Walter Mondale, tó ń du ipò ààrẹ ní Amẹ́ríkà, mú Geraldine Ferraro ṣe igbákejì. Reagan, alátakò rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ obìnrin dìbò fún. Lọ́dún 2008, McCain mú Sarah Palin, wọ́n rò pé àwọn obìnrin tó ti Hillary Clinton lẹ́yìn á yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Obama ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin dìbò fún. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Palin torí ó jẹ́ obìnrin. Lórí oyún ṣíṣẹ́, ohun tó ń sọ ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ń fẹ́. Nílé níbí, Sarah Jubril du àsíá PDP fún ipò ààrẹ ní oṣù kìíní 2011, ìbò kan ṣoṣo ló rí, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wà nínú àwọn aṣojú tó dìbò. Obìnrin ń wo ẹgbẹ́, ìlú, owó àti ọ̀rọ̀ ẹnu olùdíje bí ọkùnrin ṣe ń wò ó. Àwọn tó ń pariwo "dìbò kí o sebẹ̀" ní Èkìtì, ìyẹn àwọn tó ń fowó ra ìbò, mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá mú obìnrin kan wá bá yín pé òun ni igbákejì, ẹ bi gómìnà ní ìbéèrè, ẹ má bi òun nìkan. Iṣẹ́ wo lẹ máa gbé lé e lọ́wọ́, ṣé ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ̀ka ìjọba wo ló máa wà lábẹ́ rẹ̀? Ta ni kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ obìnrin, ta sì ni ti ètò ìlera àti ètò ẹ̀kọ́, torí ibẹ̀ ni owó ìbímọ àti ti ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin wà? Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣojú yín nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ bí yóò ṣe dìbò bí àtúnṣe abala 26 bá padà wá.

Lẹ́yìn ìbúra, ẹ lọ wo ìròyìn ìṣúná tí ìjọba ń gbé síta lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ wá ìlà ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin. Owó tí wọ́n kọ fún ọdún wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ná láàárín oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀, àpapọ̀ owó tí wọ́n ti ná náà wà níbẹ̀, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà ni ìdá àpapọ̀ yẹn. Ká sọ pé wọ́n kọ mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún náírà, ọgọ́ta fún owó oṣù òṣìṣẹ́, ogójì fún iṣẹ́ àkànṣe. Bí wọ́n bá san gbogbo owó oṣù tí wọn ò sì tú kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́, ìwé á sọ pé wọ́n ti ná ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó kà á á ní wọ́n gbìyànjú. Ìlà iṣẹ́ àkànṣe nìkan ni kí ẹ wò. Bí òdo bá wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ẹ béèrè lọ́wọ́ gómìnà, torí ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ owó wà, kì í ṣe ọwọ́ igbákejì rẹ̀.