Aláǹtakùn inú òdòdó kọ́ ló tọ̀ sí yín lọ́rùn

Láàárọ̀ àná ni ìyá kan ládùúgbò wa fi sálúbàtà lu aláǹtakùn kan pa lórí ilá mi. Ìléròrò yọ sí ọmọ wọn lọ́rùn, wọ́n ní aláǹtakùn yẹn ló tọ̀ sí i. Ẹ gbà mí o! Ìyá ìyá wọn ló sọ fún wọn, ìyẹn sì ti parí ọ̀rọ̀.

Aláǹtakùn tí wọ́n pa yẹn kò ju èékánná lọ. Bó bá lúgọ sínú òdòdó ilá, ẹ lè fọwọ́ kàn án kí ẹ tó rí i, nítorí àwọ̀ òdòdó ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin iwájú gùn ju tẹ̀yìn lọ, ó sì ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Kì í ta àwọ̀n. Ṣe ló máa ń ba de oyin àti eṣinṣin. Àìmọye ìgbà ni mo ti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó ń yà jáde dà bí ẹfun tí wọ́n pò, kì í bó ni lára.

Kòkòrò táwọn èèyàn ń pè ní champion ni kí ẹ mú. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 dáadáa. Orí rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ dúdú, àárín pupa bí epo, ìyẹ́ kúkúrú tó ń dán bí aró sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná ló ń fà á wọlé lálẹ́. Kì í ta, kì í sì í géni jẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni májèlé tó ń jẹ́ pederin wà, ìgbà tí ẹ bá gbá a fọ́ mọ́ra ló ń tú síta. Kò ní ta yín lójú ẹsẹ̀. Ó di bí ọjọ́ kan sí méjì kí ara tó pọ́n, kó tó lé ròrò. Ta ló máa rántí kòkòrò ijẹ́ta? Aláǹtakùn tójú bá kọ́kọ́ rí ló máa jẹ̀bi.

Bó bá fọ́ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, tí ẹ sì ká apá, egbò méjì tó kọjú síra ló máa yọ. Ìtọ̀ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Èmi náà gbá ọ̀kan mọ́rùn lábẹ́ gílóòbù rí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi lè wọ ẹ̀wù ọlọ́rùn.

Ó dáa, aláǹtakùn ní oró, àwọn ńlá kan sì lè géni jẹ. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ̀.

Bí champion bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù. Bó bá ti fọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ kíá. Kí ẹ sì jọ̀ọ́ ilá mi.