Ìnàkí Ìsẹ̀ wà nílé, ẹ̀ ń wá Bigfoot kiri

Àbúrò mi tún ti fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí wa: ẹranko onírun kan tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn nínú igbó Amẹ́ríkà, tó wá bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Bigfoot ni wọ́n ń pè é. Ní California ni wọ́n ti ya á ní 1967. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti rí ipasẹ̀ ràgàjì ní 1958, tí ìwé ìròyìn ń gbé e kiri. Nígbà tí Ray Wallace, agbaṣẹ́ṣe tó ń la ọ̀nà níbẹ̀ nígbà náà, kú ní 2002, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ onígi jáde, wọ́n ní òun ló fi ń tẹ ilẹ̀ kiri. Mo rẹ́rìn-ín títí! Ti Yeti, irú Bigfoot tí wọ́n ní ó wà lórí òkè Himalaya, ńkọ́? Ní 2017, àwọn onímọ̀ yẹ nǹkan mẹ́sàn-án tí wọ́n ní ti Yeti ni wò: irun, egungun, eyín, awọ àti ìgbẹ́. Mẹ́jọ jẹ́ ti béárì, ìkan tó kù, ajá ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ Èkìtì ni àwa tí à ń pín in, a sì ní tiwa.

Mo ti rí i. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, èmi àti màmá ń ti oko kòkó bọ̀ lápá Ìsẹ̀. A kọ́kọ́ gbọ́ "huu, huu" tó ń ga sí i títí ó fi di igbe, lẹ́yìn náà ni nǹkan ń dún gbùm-gbùm bí ìlù. Màmá dúró. Nǹkan dúdú kan dìde lẹ́bàá ọ̀nà, ó wò wá (ojú ènìyàn ni, ẹ gbà mí gbọ́), ó sì wọgbó lọ. Mo ti sá débi tí mo sá dé kí n tó mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ ti já bọ́ lórí mi. Iwin ni mo pè é fún gbogbo ọmọ kíláàsì wa. Bàbá mi àgbà, ọdẹ ni wọ́n, ló là mí lójú: "Iwin kọ́, ìnàkí ni. Gbòǹgbò igi ńlá ló ń lù." Wọ́n ní àwọn kì í yìnbọn fún un, torí bó ṣe máa ń gbé ọwọ́ sókè.

Chimpanzee ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Irú tiwa yìí, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló wà láyé, àwọn onímọ̀ sì ṣírò rẹ̀ sí 3,500 sí 9,000 péré. Díẹ̀ nínú wọn ló kù nínú igbó ọba ní Ìsẹ̀. O lè wọ ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí o má fojú kàn án. Ìtẹ́ rẹ̀ lo máa rí lórí igi, torí alaalẹ́ ló ń tẹ ẹ̀ka tuntun láti fi sùn.

Lọ́rì gẹdú ń jáde níbẹ̀, kòkó ń wọlé. Kòkó yẹn ló rán èmi náà nílé ìwé, n kò lè purọ́.

Mo fèsì fún àbúrò mi pé ká jọ lọ sí Ìsẹ̀ nígbà Kérésì, ká lọ gbọ́ ìlù yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí oko màmá ti dé ìdí igi yẹn báyìí."

N kò tíì dá a lóhùn.