Frequency kan kò tó láti tẹ̀lé rédíò trunking

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ní Computer Village. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ fáwọn oníbàárà yín n'Ìkẹjà, pé kí wọ́n ṣáà tẹ frequency kan sínú scanner (rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn), wọ́n á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ikọ̀ kan lórí trunking, kò rí bẹ́ẹ̀. Rédíò tí kì í ṣe trunking, tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní frequency tirẹ̀, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú trunking, gbogbo ikọ̀ ló jọ ń lo àwọn channel díẹ̀ (ọ̀kọ̀ọ̀kan ní frequency tirẹ̀), bí ìlà kan ṣoṣo níwájú akaṣíà mẹ́rin ní báǹkì: ibi tó bá ṣófo ni wọ́n á darí yín sí. Tí ẹnìkan bá tẹ bọ́tìnì, rédíò rẹ̀ á fi dátà tọrọ ààyè lórí control channel, ìyẹn channel tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdarí. Kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ á dáhùn: talkgroup báyìí (nọ́ńbà ikọ̀ náà), ẹ bọ́ sí channel báyìí. Dátà yìí gan-an ni scanner trunking ń kà. Á fò tẹ̀lé talkgroup tí ẹ yàn, á sì padà sórí control channel tí ọ̀rọ̀ bá parí. Èsì lè gba channel mìíràn wá. Scanner lásán á wá so ìbéèrè ikọ̀ kan mọ́ ìdáhùn ikọ̀ mìíràn. Ẹ̀rín ni.

LTR, irú trunking kan, kò tilẹ̀ ní control channel kan pàtó. Abẹ́ ohùn ni dátà tirẹ̀ ń gbà.

Trunking kì í sì í ṣe encryption, ìyẹn dídi ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má bàa lóye rẹ̀. Tí wọ́n bá fi encryption dì í, scanner á ṣì rí nọ́ńbà talkgroup tó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ ò ní lóye ọ̀rọ̀ kankan. P25 àti TETRA jẹ́ irú rédíò díjítà méjì tó yàtọ̀ síra; scanner P25 kò sì lè ka TETRA, ẹ sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n tó sanwó.