Ilé Ọba Tó Jó

Ọ̀rọ̀ kan bí mi nínú ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta sì ń gbàdúrà pé kí sójà Amẹ́ríkà kúkú wá lé àwọn olóṣèlú wa dànù. Mo ní bí ìlú bá wá túká ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń fá lórí lọ́wọ́ ní, "Bàbá, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ọba a máa dára sí i lẹ́yìn iná. Ṣùgbọ́n ọba ṣì wà láàyè, ìjòyè wà, bíríkìlà wà, ará ìlú sì mọ ẹni tí yóò pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹ yọ gbogbo wọn kúrò, eérú ló kù.

Ẹ wo Ìráàkì, níbi tí sójà Amẹ́ríkà ti lọ lé Saddam, olórí ìlú náà, kúrò. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2003 ni Baghdad, olú ìlú wọn, bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Sójà ń ṣọ́ iléeṣẹ́ tó ń mójú tó epo rọ̀bì, àmọ́ ilé tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí kò rí ẹni ṣọ́ ọ, olè sì ya wọ ibẹ̀. Ìkòkò òkúta Warka, tó ti tó nǹkan bí 5,000 ọdún, inú búùtù ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e padà wá lóṣù Kẹfà, ó ti fọ́.

Àlejò lójú, kì í fi í ríran. Paul Bremer, tí Amẹ́ríkà fi ṣe olórí níbẹ̀, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi tú gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú náà ká. Àwọn ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn, tó lé ní 300,000, di aláìníṣẹ́ lóòjọ́. Olùkọ́ tó gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam nítorí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, àìmọye irú wọn ni wọ́n lé. Nígbà tí ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí, gba Mosul, ìlú ńlá kan ní Ìráàkì, lóṣù Kẹfà 2014, àwọn ọ̀gá sójà àtijọ́ yẹn wà lára àwọn tó ń darí ogun fún wọn.

Ọmọ náà ní Jàpáànù ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ́gun Jàpáànù lọ́dún 1945, tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ó fi ọba sílẹ̀, wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, àwọn yẹn ni wọ́n sì gbé àṣẹ gbà. Ọwọ́ ọmọ onílé kò kúrò nílé.

Jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ ń sá fún gan-an ló kún Baghdad. Wáyà jẹnẹrétọ̀ àdúgbò lọ́ mọ́ra wọn lókè òpópónà bí irun tí a kò yà. Tí oòrùn bá mú dé ìwọ̀n 45, ìwọ̀nba iná tí onílé bá rà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ ni fáànù rẹ̀ mọ. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ogun!

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kò lè dìde lọ́jọ́ ìbò, ìpàdé àdúgbò kan báyìí ẹ kì í lọ, sójà onísójà lẹ wá ń bẹ̀. Tí wọ́n bá dé, tí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká, ta ni yóò san owó olùkọ́ àbúrò yín lóṣù tó tẹ̀lé e?