Ẹ Má Fi Ìwé Keje Bẹ̀rẹ̀ Harry Hole

Èrò tèmi nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jiyàn: ẹni tó bá fi The Snowman bẹ̀rẹ̀ ìtàn Harry Hole tí Jo Nesbø, òǹkọ̀wé ará Nọ́wè, kọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba adùn ìtàn náà jẹ́. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń gbé. Òun ni wọ́n fi ṣe fíìmù ní 2017, kò sì ṣòro rí lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ìwé keje ni nínú mẹ́tàlá. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan pàdé ní Oslo, ọkùnrin gíga, tó rù, tó ń bá ọtí jìjàkadì, tí obìnrin tó fẹ́ràn ti ń fẹ́ ẹlòmíràn, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò sì mọ ohun tí wọn ì bá fi í ṣe. Yóò ní, "Ọlọ́pàá ọ̀mùtí mìíràn tún dé o!" Kò jẹ̀bi. Gbèsè ìwé mẹ́fà ni wọ́n kó síwájú rẹ̀ láì sọ ẹni tó jẹ ẹ́ fún un.

Ìwé ìtàn tí akọni rẹ̀ ní ọgbẹ́ ọkàn pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nínú èyí tó pọ̀ jù, wọ́n á pa ìyàwó akọni ní ojú ewé kẹwàá, wọ́n á pa ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn, òun náà á wá gbé ìbọn. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ná akọni ní kọ́bọ̀. Ìwé àṣẹ ni òǹkọ̀wé fi lé e lọ́wọ́ pé kó máa pa ẹni tó bá wù ú, kí a sì máa pàtẹ́wọ́. Ti Harry Hole yàtọ̀, ibi tó sì ti yàtọ̀ wà nínú ìwé àkọ́kọ́, The Bat, tó jáde ní Nọ́wè ní 1997. Wọ́n rán an lọ sí Sydney nítorí ọmọbìnrin ará Nọ́wè kan tí wọ́n pa níbẹ̀. Láàárín ìwádìí yẹn la ti gbọ́ ohun tó ń sá fún: ó ti mutí yó nígbà tó wa ọkọ̀ ọlọ́pàá lé ẹnìkan, ọkọ̀ náà ní jàǹbá, ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú, àwọn ọ̀gá sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí orúkọ iléeṣẹ́ má bàa bàjẹ́. Ẹ wò ó dáadáa. Wọn kò ṣẹ̀ ẹ́. Òun ló ṣẹ̀. Ìjọba tó ń bá wá ìdájọ́ òdodo kiri ni kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ jẹ́jọ́.

Nesbø kò fi í mọ síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ The Redbreast (2000), ìwé kẹta, ààrẹ Amẹ́ríkà wá sí Oslo, Harry sì yìnbọn lu ọkùnrin kan tó rò pé apànìyàn ni. Ẹ̀ṣọ́ ààrẹ fúnra rẹ̀ ni. Kí ni wọ́n ṣe fún un? Wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀ka ọlọ́pàá aláàbò ìlú kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí wọ́n fi iyì bo àṣìṣe rẹ̀. Ẹni tó bá mọ nǹkan méjèèjì yìí ni yóò lóye ìdí tí Harry kì í fi í gbà kí ẹjọ́ kú sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ọ̀gá bá ti ní ó tán. Láìmọ̀ ọ́n, alágídí lásán ló jọ.

Àwa òǹkàwé èdè Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ní ìṣòro mìíràn tí kì í ṣe ẹ̀bi wa. Bí wọ́n ṣe tú àwọn ìwé náà kò tẹ̀lé bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. The Devil's Star, tó jẹ́ ìkarùn-ún, ló kọ́kọ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní 2005. The Redbreast tẹ̀lé e ní 2006, Nemesis tó wà láàárín àwọn méjèèjì wá dé ní 2008. The Bat, tó jẹ́ àkọ́kọ́ pátápátá, kò dé títí di 2012, Cockroaches tó jẹ́ ìkejì dé ní 2013. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Redbreast, Nemesis àti Devil's Star jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo tí wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Nínú ìkíní, ẹnìkan tó sún mọ́ Harry kú. Òǹkàwé mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Harry kò mọ̀. Gbogbo Nemesis la fi ń wò ó tó ń bá ẹni náà rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléeṣẹ́ kan náà, tí a kò lè pariwo. Ẹni tó ti ka ìkarùn-ún ṣáájú ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe parí, ìpayà yẹn kò sì sí fún un mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ẹ má wo ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún ti Nọ́wè ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé: 1997, 1998, 2000, 2002, 2003, lẹ́yìn náà The Redeemer ní 2005, Snowman ní 2007, The Leopard ní 2009, Phantom ní 2011, Police ní 2013, The Thirst ní 2017, Knife ní 2019, Killing Moon ní 2022.

Ṣé dandan ni ìwé méjì àkọ́kọ́? Àwọn kan á ní kò pọn dandan, wọ́n sì ní àwíjàre. Sydney àti Bangkok ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀, Nesbø ṣì ń kọ́ iṣẹ́, Cockroaches sì máa ń fà nílẹ̀. Èmi gbà kí ẹni tí kò ní sùúrù fi Redbreast bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó padà ka The Bat kó tó fọwọ́ kan Snowman. Ní ti ìkejì, ẹ ṣe bó ti wù yín.

Redbreast fúnra rẹ̀ máa ń lé èèyàn sá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìtàn náà ń fò láti Oslo ọdún 1999 àti 2000 lọ sí ojú ogun nítòsí Leningrad láàárín 1942 sí 1944, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ Nọ́wè kan ti ń jagun fún Jámánì. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fo ibùdó àti ọjọ́ tó wà lókè orí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fò ó, ẹ ti sọnù. Ẹ mú bébà kékeré kan, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ ogun márùn-ún sí i: Daniel Gudeson, Gudbrand Johansen, Sindre Fauke, Edvard Mosken, Hallgrim Dale. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn àti ẹni tó sọ pé òun rí i. Ẹni tó sọ ọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí jù. Arúgbó kan ń wá ìbọn ńlá kan rà ní Oslo, ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni, bébà yín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ka sí i kí Harry tó dé ibẹ̀.

Àyẹ̀wò tí mo fi ń mọ ọgbẹ́ gidi yàtọ̀ sí ọgbẹ́ ọ̀ṣọ́ ni èyí: ṣé ọgbẹ́ náà ba iṣẹ́ jẹ́? Nínú Nemesis, Harry lọ kí obìnrin kan tó ti bá a ṣọ̀rẹ́ rí. Ó jí lọ́jọ́ kejì láì rántí nǹkan kan, obìnrin náà sì ti kú. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó sọ pé òun wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ. Láti ibẹ̀ ló ti di pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wádìí ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀daràn rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rí pamọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọtí ti kúrò ní ìwà, ó ti wọ inú ẹjọ́. Bí ẹ bá yọ ọtí kúrò nínú ìwé yẹn, kò sí ìwé mọ́. Ẹ fi àyẹ̀wò yìí wo ìtàn ọlọ́pàá mìíràn tí akọni rẹ̀ máa ń mu wisikí lójú fèrèsé lálẹ́. Nínú mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ lè gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìtàn náà má sì mì.

Àwọn nǹkan kan wà nípa Nọ́wè tí òǹkọ̀wé kì í ṣàlàyé nítorí pé àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọtí tó bá le ju ìdá 4.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣọ́ọ̀bù ìjọba nìkan ló ń tà á láti gbé lọ sílé, Vinmonopolet lorúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Nítorí náà, nígbà tí Harry bá gba ilé ọtí Schrøder lọ dípò ilé rẹ̀ ní Sofies gate, ẹ wo ọjọ́ àti aago tó jẹ́. Ọlọ́pàá wọn kì í gbé ìbọn rìn lọ́jọ́ lásán ní èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò tí ìwé wọ̀nyí ń jáde. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń tì í mọ́, ó sì gba àṣẹ kí wọ́n tó mú un. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìbọn fi ń gba ojú ewé púpọ̀ tó báyẹn. Ẹ̀wọ̀n tó gùn jù fún ìpànìyàn ni ọdún 21, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ àhámọ́ tí wọ́n ń sún síwájú fún ẹni tó bá ṣì léwu. Tí ẹnìkan nínú ìwé bá fẹ́ gba ìdájọ́ ṣe fúnra rẹ̀, iye ọdún yẹn wà lọ́kàn rẹ̀. Ìjà láàárín ọlọ́pàá Oslo àti Kripos, tí í ṣe ẹ̀ka ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè, ló sì gbé ìdajì The Leopard ró.

Leopard gan-an ni ibi tí ọwọ́ òǹkọ̀wé ti wúwo jù. Ó lé ní ojú ewé 500, ó gbé wa dé Hong Kong àti Kóńgò, ó sì ní ohun èlò ìdálóró kan, bọ́ọ̀lù tí abẹ́rẹ́ ń jáde lára rẹ̀ nínú ẹnu èèyàn, tí mo rò pé òǹkọ̀wé fẹ́ràn ju bó ti yẹ lọ. Gbogbo Nọ́wè kì í sábà rí ìpànìyàn tó tó 50 lọ́dún kan, síbẹ̀ apànìyàn tó ń fi àmì àràmàǹdà sílẹ̀ kò tán ní Oslo ti Nesbø. Òkú obìnrin pọ̀ jù pẹ̀lú, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kú sì máa ń gùn lójú ewé ju ìgbésí ayé wọn lọ. Èmi kì í fo àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹni tó fò wọ́n jà. Ohun kan ni mo yìn ín fún: ara Harry kì í gbàgbé. Ìka tó pàdánù nínú Snowman kò hù padà, ìka irin ló ń gbé kiri nínú àwọn tó kù. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbà nínú Leopard wà níbẹ̀ títí.

Fíìmù Snowman kò lè rí èyíkéyìí nínú èyí ṣe. Wọ́n fún Michael Fassbender, tó ṣe Harry, ní kóòtù àti ìgò ọtí, wọn ò fún un ní ìwé mẹ́fà. Olùdarí fúnra rẹ̀, Tomas Alfredson, ti sọ ọ́ síta pé apá kan ìtàn náà ni wọn kò rí yà.

Àwa tí a ka Ọládẹ̀jọ Òkédìjí lè ṣì í mú níbí. Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) náà ti kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì ń lé ọ̀daràn. Àmọ́ ọgbọ́n àyínìke àti ẹnu rẹ̀ là ń tẹ̀ lé. Ẹ lè ka èkejì ṣáájú èkíní, ẹ ò ní pàdánù púpọ̀. Ẹni tí ìyẹn ti mọ́ lára yóò rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí.

Nǹkan méjì kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Phantom àti Police kò gbọdọ̀ jìnnà síra. Ẹ má ra Phantom bí Police kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ibi tí ó parí sí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Láti The Thirst ni olùtumọ̀ ti yí padà, Don Bartlett lọ, Neil Smith dé, ẹ ó sì gbọ́ ọ nínú bí àwọn èèyàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Knife wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Harry tó jí, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí ohun tó ṣe lálẹ́ àná. Ẹni tó ti ka Nemesis á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, á sì mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn. Ní tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí Nesbø gbé kálàmù sílẹ̀. Killing Moon kò burú: Harry wà ní Los Angeles tó ń fi ọtí pa ara rẹ̀, olówó kan tí ọlọ́pàá ń fura sí ló sì gbà á síṣẹ́, Harry wá ń ṣe ìpàdé ìwádìí nínú yàrá ilé ìwòsàn tí Ståle Aune, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, dùbúlẹ̀ sí. Yàrá yẹn ló dára jù nínú ìwé náà. Olówó yẹn àti kòkéènì rẹ̀ ló sú mi.